Ìjàpá àti Ọ̀pá Tó Kọ̀ Láti Ṣẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri lọ́hùn-ún yẹn, n kò gbọ́ ohùn yín. Ṣé ẹ̀kọ ló dí yín lẹ́nu ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n! Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá, ó dá lórí Yánníbo ìyàwó rẹ̀, ó wá jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ọ̀pá ìwọ̀ kan tó lágídí ju ọmọ Àṣàkẹ́ lọ. Àṣàkẹ́, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Iṣu kọ̀, kò ta. Àgbàdo kọ̀, kò yọmọ. Kódà èpò tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, òun náà kọ̀ láti hù. Odò kan ṣoṣo ló kù tí omi wà nínú rẹ̀, Àìgbẹ ni wọ́n ń pè é. Ẹja sì wà níbẹ̀ dáadáa, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún àti àwọn wẹ́wẹ́ tí kò lórúkọ.

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n, olórí ìlú, bá pe gbogbo wọn jọ. Ó ní, "Ẹja ni yóò gbà wá lọ́wọ́ ebi. Kí kálukú mú ọ̀pá ìwọ̀, ó di etí odò. Ẹja tí a bá pa, inú Ìkòkò Ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Àtọmọdé àtàgbà, ibẹ̀ la ó ti máa jẹ."

Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Yánníbo ni wọ́n fi ṣe alásè, nítorí pé ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Wọ́n gbé ìgbákọ lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ìlú. Inú rẹ̀ dùn, ó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Àgbọ̀nrín wá nàgà, ó ní, "Baálẹ̀, bí ẹja bá ṣẹ́ ọ̀pá mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ńkọ́? Igi ti gbẹ tán nínú igbó. Ta ni yóò tu onítọ̀hún nínú?"

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n fi ìwo họ ara igi títí. Ó ní, "Ẹja tó bá ṣẹ́ ọ̀pá, ti ọlọ́pàá ni. Kó kéde pé ọ̀pá òun ṣẹ́, kó gbé ẹja rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀pá kò bá ṣẹ́, ohunkóhun tó bá fà jáde nínú odò, ti ìkòkò ni."

Mo ní ọlọ́pàá o. Ẹ má ì tíì sá. Ẹni tó ni ọ̀pá ni mo wí, kì í ṣe àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ fi òfin yẹn pamọ́ sí abẹ́ ahọ́n yín, a ṣì máa bá a pàdé níwájú.

Ta ló wá ń ṣe ọ̀pá fún gbogbo ìlú? Àáyá ni, ìyá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́ igi lọ. Abẹ́ igi ìyeyè ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Ìyá Ọlọ́pàá ni gbogbo ọmọdé ń pè é, òun náà a sì máa jẹ́ wọn lóhùn. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ láti inú Ìkòkò Ìlú lójoojúmọ́.

Ìyá yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀pá yàn. Bí o bá ti dé, á ní, "Nawọ́ wá." Á wo apá rẹ, á yí àtàǹpàkò rẹ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń yan ata lọ́jà. Ó ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pá ni ti apá, kẹ̀kẹ́ ni ti àtàǹpàkò."

Kẹ̀kẹ́ wo nìyẹn? Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ni, bíi ti àwọn tí ń ran òwú. Ó máa ń so ó mọ́ ìdí ọ̀pá, okùn ìwọ̀ á wé yí i ká. Tí o bá ju ìwọ̀ sódò, kẹ̀kẹ́ á máa yí, okùn á máa tú. Àtàǹpàkò lo fi ń tẹ kẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́ kó má baà sáré. Tí o kò bá tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á yára ju okùn lọ, okùn á sì ta kókó bí irun dàda.

Ehoro dé ibẹ̀, ó ní ọ̀pá gígùn gbọọrọ lòun fẹ́. Ìyá Ọlọ́pàá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí etí rẹ ga ju ara rẹ lọ yìí, ẹja lo fẹ́ pa ni àbí òṣùpá?" Ó fún un ní òparun kékeré. Ehoro bú u nínú ikùn, ṣùgbọ́n ó lo òparun náà, ó sì pa ẹja.

Ìjàpá ńkọ́? Láti ìgbà tí Baálẹ̀ ti ṣòfin, orí Ìjàpá kò dúró sójú kan mọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹja tó bá ṣẹ́ ọ̀pá, ti ọlọ́pàá ni. Àwọn òmùgọ̀ wọ̀nyí ń wá ọ̀pá tó le. Ọ̀pá tó le ni ọ̀tá mi!"

Ó dé ìsọ̀ Ìyá Ọlọ́pàá. Ìyá ní, "Nawọ́ wá."

Ìjàpá fa ọwọ́ méjèèjì wọ inú igbá. Ó ní, "Ìyá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èmi fúnra mi ni n ó yàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọ̀pá. Ó tẹ òparun, òparun tẹ̀, ó padà. Ó ní, "Rárá." Ó tẹ pankẹ́rẹ́, pankẹ́rẹ́ tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan ìdí rẹ̀, kò ṣẹ́. Ìjàpá jù ú sílẹ̀ bí ẹni di ejò mú. Ó wò yíká, ó rí igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ìjàpá, igi tí mo fi ń lé adìẹ nìyẹn."

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀, ìyá."

"Kò lè fa ẹ̀fọ́ jáde nínú ọbẹ̀!"

"Ẹ ṣáà bá mi so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn."

"Àtàǹpàkò rẹ dà?"

Ìjàpá ní, "Ó wà nílé."

Ìyá Ọlọ́pàá so kẹ̀kẹ́ mọ́ igi ẹ̀gẹ́ fún un. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n oníbàárà pọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìjàpá lọ jókòó sí ìyànà odò, lẹ́yìn koríko gíga, níbi tí gbogbo ẹja ń gbà kọjá. Kò ju ìwọ̀ jìnnà. Ó kàn fi ekòló há a, ó sọ ọ́ sí ẹsẹ̀ omi. Ẹja kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ Làmídì yìí lọ gbé ekòló mì. Kàù! Igi ẹ̀gẹ́ dá sí méjì. Ìjàpá fẹnu gbá okùn mú, ó fa ẹja sókè, ó ké tantan:

"Ó ṣẹ́ o!"

Àwọn tó kù nísàlẹ̀ odò dáhùn, "Ti ọlọ́pàá ni! Pẹ̀lẹ́ o, Ìjàpá!"

Wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Àgbọ̀nrín tilẹ̀ ní orí Ìjàpá ló burú.

Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá kọjá ní oko ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ, ó di ìdì igi kan sẹ́yìn. Gbogbo ẹja tó bá fà ló ń ṣẹ́ igi kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ń tú kẹ̀kẹ́ lára èyí tó ṣẹ́, ó ń so ó mọ́ òmíràn. Ìkéde wá ńkọ́? Òfin ní kí èèyàn kéde, kò ní kó pariwo. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ló ń ké sókè. Àwọn yòókù, abẹ́nú ló ń sọ ọ́: "Ó ṣẹ́ o." Òun náà ló tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn: "Ti ọlọ́pàá ni. Pẹ̀lẹ́, Ìjàpá." Á tún kí ara rẹ̀ pé, "O ṣeun."

Ẹja kan ṣoṣo ló ń gbé wọlé lójú Yánníbo. Àwọn tó kù, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé wọn gun àjà, ó ń yan wọ́n gbẹ. Ó ní ẹrù bàbá òun ló wà lókè àjà, ọmọ obìnrin kì í wò ó. Tí Yánníbo bá ní òun ń gbóòórùn ẹja, Ìjàpá á ní, "Apẹja ni bàbá mi, kí ni ẹrù rẹ̀ ì bá máa rùn?"

Kò pẹ́, Ìkòkò Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọbẹ̀ di omi gbígbóná. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń lá abọ́, wọ́n ń sunkún. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn a máa rí àyè tirẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, "Ẹni tó di ìgbákọ mú kì í sùn lébi." Wọ́n ń sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yánníbo ń dán. Obìnrin tó jẹ́ pé, tó bá pín ọbẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń fi ìka nù jẹ!

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ Ẹfọ̀n pè é níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Yánníbo, mo bọ̀wọ̀ fún ọ tẹ́lẹ̀. Bí ìkòkò yìí kò bá kún ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, wàá gbé ìgbákọ sílẹ̀, wàá sì fi ìlú yìí sílẹ̀."

Yánníbo dé ilé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. "Baálé mi, n kò jí ẹja ẹnikẹ́ni. Níbo ni n ó lọ nínú ọ̀dá yìí? Ta ni yóò gba ẹni tí wọ́n lé torí olè?"

Ìjàpá wo ilẹ̀. Ó gbójú sókè wo àjà, ó tún yára wo ilẹ̀. Ó dùn ún. Ẹ má rò pé kò dùn ún o. Ó fẹ́ràn Yánníbo. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ràn ikùn rẹ̀ kó tó mọ Yánníbo rárá. Ó ní, "Má sunkún mọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ́." Ó sì jáde lọ wá ekòló.

Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ pé báyìí ni yóò máa rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe tí Ìjàpá ṣe fún yín. Ọ̀lẹ ni. Gbogbo igi ẹ̀gẹ́ tó bá ti ṣẹ́, inú odò ló ń jù ú sí. Odò kì í bá ẹnikẹ́ni pa àṣírí mọ́. Igi ń léfòó bọ̀ nísàlẹ̀, níbi tí Yánníbo ti ń pọnmi. Ó ń ṣà wọ́n, ó ń sá wọn sóòrùn, ó fi ń dáná abẹ́ ìkòkò. Ó rò pé orí òun ló ń ran òun lọ́wọ́.

Ìyá Ọlọ́pàá wá gba abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Ó wo inú abọ́, ó rí ojú ara rẹ̀ kedere. Ó fẹ́ bú èèyàn. Ojú rẹ̀ bá kan òkìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó mú ọ̀kan, ó mú òmíràn. Gbogbo wọn ni kókó okùn ìwọ̀ wà ní ìdí wọn.

Ó ní, "Yánníbo, ta ni ẹni tí ń fi igi ẹ̀gẹ́ pẹja ní ìlú yìí?"

Yánníbo wo igi. Ó wo Ìyá Ọlọ́pàá. Ó rántí ẹrù bàbá ọkọ rẹ̀ tí ń rùn. Ó di ìgbákọ mú le. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó."

Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ, n kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà kò sí níbẹ̀. Ẹ má sọ fún Ìjàpá.

Ní ọ̀sẹ̀ ọjà náà gan-an ni Bàbá Àrọ̀ fara hàn ní ìyànà odò. Àrọ̀ ńlá ni, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bí ìmọ̀ràn àgbà. Bí wọ́n bá fi í sínú Ìkòkò Ìlú, ìkòkò kún, ọ̀rọ̀ Yánníbo tán nìyẹn. Ìjàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó jókòó etí odò, ó ń ro Yánníbo, ó ń ro àrọ̀. Bó bá ro Yánníbo lẹ́ẹ̀kan, itọ́ ẹnu rẹ̀ á pè é padà sídìí àrọ̀.

Ẹja tó tóbi tó báyìí kò ṣeé ṣe lábẹ́nú. Ìjàpá fẹ́ kí ọ̀pá náà ṣẹ́ lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a du ẹja lọ́la. Ìyá Ọlọ́pàá ṣe bí ẹni pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó ní, "Ìjàpá, mo rí igi ẹ̀gẹ́ kan. Ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù láti sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìjàpá ní, "Ìyá, ẹ má fún ẹlòmíràn!"

Kí ni ìyá yìí ti ṣe? Ó bó èèpo igi ẹ̀gẹ́, ó fi wọ pankẹ́rẹ́ bí ẹni wọ ṣòkòtò fún ọmọ. Pankẹ́rẹ́! Làmídì, ìwọ sọ fún wa, ṣé pankẹ́rẹ́ máa ń ṣẹ́? Ẹ wò ó bó ṣe ń fọwọ́ pa ìdí. Ó mọ̀ ọ́n.

Ó di ọjọ́ ọjà. Gbogbo ìlú dúró sí bèbè. Wọ́n ti gbé Ìkòkò Ìlú wá sí etí odò, wọ́n ti dáná sábẹ́ rẹ̀, Yánníbo dúró tì í pẹ̀lú ìgbákọ rẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n kò fẹ́ wo ojú rẹ̀.

Bàbá Àrọ̀ wà láàárín omi, kò sí ní ẹsẹ̀ odò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìjàpá ní láti ju ìwọ̀ jìnnà. Ó fi gbogbo agbára jù ú. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, firirí, firirí. Ìyá Ọlọ́pàá kígbe pé, "Tẹ̀ ẹ́!"

Kí ni yóò fi tẹ̀ ẹ́? Àtàǹpàkò wà nílé.

Kẹ̀kẹ́ yára ju okùn lọ. Okùn tú dànù, ó ta kókó, ó lọ́ mọ́ Ìjàpá lápá, ó lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Níbẹ̀ gan-an ni Bàbá Àrọ̀ gbé ekòló mì.

Ọ̀pá tẹ̀. Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de kàù. Ọ̀pá tún tẹ̀ sí i. Kò sí kàù. Ọ̀pá tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan omi, Ìjàpá sì ń fi ìdí wọ́lẹ̀ lọ sódò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọ̀pá. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀pá, jọ̀ọ́, ṣẹ́ o!
Kẹ̀kẹ́ ń yí!
Má tẹ̀ mọ́, ṣẹ́ o!
Kẹ̀kẹ́ ń yí!
Àrọ̀ ń gbé mi lọ!
Kẹ̀kẹ́ ń yí!
Omi dé mi lórúnkún!
Kẹ̀kẹ́ ń yí!
Yánníbo, gbà mí o!
Kẹ̀kẹ́ ń yí!

Ehoro ní, "Ṣé mo gbọ́ dáadáa? Ta ni ń bẹ ọ̀pá rẹ̀ pé kó ṣẹ́?"

Gbùúù! Ìjàpá ti wọnú odò. Síbẹ̀, ojúkòkòrò kò jẹ́ kó gbé ẹnu dákẹ́. Ó rò ó pé bí òun bá ṣáà ti kéde, ẹja di ti òun. Ó yọrí, ó fẹ́ ké pé, "Ó ṣẹ́! Ó ṣẹ́!" Omi ti kún un lẹ́nu bámúbámú. Ẹ̀yin náà mọ èdè wa, bí ohùn bá ti já, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ohun tí gbogbo ìlú gbọ́ ni:

"Mo ṣẹ̀! Mo ṣẹ̀!"

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n ní, "Ẹ gbọ́! Ó ń jẹ́wọ́! Kí lo ṣẹ̀, Ìjàpá?"

Ìjàpá ń mi orí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ó ṣẹ́!" ló tún fẹ́ wí. "Mo ṣẹ̀" ló tún jáde.

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n fi pátákò tẹ ìdí ọ̀pá tó ṣì yọ sí bèbè mọ́lẹ̀, wọ́n sì jọ fà á. Bàbá Àrọ̀ jáde. Ìjàpá tẹ̀ lé e, okùn ti wé wọn mọ́ra bí ẹ̀kọ inú ewé. Ìyá Ọlọ́pàá gbé ọ̀pá sókè, ó bó èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára rẹ̀. Pankẹ́rẹ́ jáde, ó ń dán, ó nà gbọnrangandan.

Ó ní, "Ṣé ó ṣẹ́?"

Gbogbo ìlú ní, "Kò ṣẹ́!"

Yánníbo wá bọ́ síwájú. Ó fi ìgbákọ kan àrọ̀ lórí, ó ní, "Ti ìkòkò ni." Ó gbé ìgbákọ kúrò níbẹ̀, ó fi kan igbá ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, kó-kó-kó. Ó ní, "Baálẹ̀, òfin yín ní ohunkóhun tí ọ̀pá tí kò ṣẹ́ bá fà jáde nínú odò. Èyí náà, ti ìkòkò ni."

Ìjàpá tutọ́ omi jáde. "Yánníbo! Ọkọ rẹ ni mí!"

"Ọkọ mi náà ni ọ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí lólè."

Ojú ti Ìjàpá, ó dùn ún dé egungun. Wọ́n gbé e, ó di ẹnu ìkòkò. Ooru fẹ́ sí i ní ẹsẹ̀, ahọ́n rẹ̀ bá tú. "Ó wà lókè àjà! Gbogbo rẹ̀ wà lókè àjà! Kò sí ẹrù bàbá mi kankan níbẹ̀, bàbá mi kò tilẹ̀ ní nǹkan kan!"

Wọ́n sáré lọ. Wọ́n kó ẹja yíyan bọ̀ ní agbọ̀n, ní igbá, ní orí. Ìkòkò Ìlú kún, ó ń ṣàn dànù. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n gbé ẹrù Yánníbo lórí ara rẹ̀ padà sílé fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn bó ṣe ń lọ.

Ìjàpá wá ńkọ́? Ìyá Ọlọ́pàá tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹran rẹ̀ ti gbó jù, yóò ba ọbẹ̀ jẹ́." Wọ́n ní kó máa fẹ́ná abẹ́ ìkòkò títí òjò yóò fi rọ̀. Tí gbogbo ìlú bá jẹun tán, Yánníbo á bu tirẹ̀ fún un kẹ́yìn. Ó máa ń fi ẹja sí i. Orí àrọ̀ ni, egungun lásán.

Láti ọjọ́ náà ni ìjàpá ti ń sá fún odò. Bí ẹ bá sì rí i lọ́nà oko, ẹ na ọ̀pá sí i. Á fa orí wọnú igbá kíá, á fa ọwọ́ náà wọlé. Ó rò pé Ìyá Ọlọ́pàá ló tún dé, tó ń wá àtàǹpàkò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ń gbàdúrà kí ọ̀pá ìlú ṣẹ́ kó lè rí jẹ, ìlú á yege, ọ̀pá náà ni yóò sì wọ́ ọ jáde síta. Ó tún kọ́ wa pé bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní kí o nawọ́ wá, kí o nawọ́. Làmídì, ìwọ ni mo ń bá wí.

Bí mo bá parọ́ fún yín, kí eyín mi má lè gé iṣu sísun lọ́la. Ẹ tẹ́tí sí i bí mo ṣe ń pa á mọ́ra: kò, kò, kò. Ó ṣì le koko. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní yín.